Họ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀: Bí MGB Bàbá Ìyàrá Ṣe Ń Hó Lórí Eré, Tí Kì Í Hó ní Ìdúró

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, wọ́n fi okùn fa mọ́tò pupa kékeré kan wọ ọgbà iṣẹ́ mi ní Kábà. Bàbá tó ni ín jókòó sídìí sítíárì, wọ́n dé fìlà, wọ́n wọ agbádá funfun, ojú wọn le bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló ń wa mọ́tò náà, tí kì í ṣe pé pikọ́ọ̀pù ló ń fà wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Okun o, Bàbá."

"Okun o, ọmọ mi. Ó tún hó."

MGB GT ni, ti ọdún 1966. Mọ́tò sípọ́ọ̀tù onílẹ̀kùn méjì ni, tí wọ́n ṣe ní Abingdon ní Ìlú Ọba. Láti 1962 títí dé 1980 ni wọ́n fi ń ṣe MGB. 1965 ni èyí tí wọ́n ń pè ní GT, tó ní òrùlé irin àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọ́kọ́ jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Bàbá rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Kàdúná, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun (àwa Yorùbá Kábà àti agbègbè rẹ̀) tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wà láyé ìgbà náà, nítorí abẹ́ Àríwá la wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara sílẹ̀ ní 1967, kí a tó wá bọ́ sí Kogi ní 1991. Ọwọ́ òsì títì la ṣì ń gbà wa mọ́tò nígbà tí wọ́n rà á. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá ní lọ́jọ́ náà àwọn kò gbé mọ́tò jáde rárá. Àwọn jókòó sí fàráńdà, àwọn ń wo ẹni tí yóò gbàgbé.

Ẹ̀sùn mọ́tò náà kò jọ ti àwọn tó kù. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí mọ́tò máa hó nínú gósílóò, kó sì balẹ̀ tó bá ti rí afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà. Ti Bàbá lè dúró fún wákàtí kan níwájú ilé wọn ní Ìyàrá, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Wọ́n lè fi yí ọjà Kábà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmọ́ tí wọ́n bá dojú kọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dé 55 lórí aago rẹ̀ (máìlì ni aago náà ń kà, kì í ṣe kìlómítà), kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ooru funfun yóò fi máa tú lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Èèyàn mẹ́ta ti fọwọ́ kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí ó ṣeé ṣe kí èmi náà ti ṣe irú ohun tí wọ́n ṣe lára mọ́tò ẹlòmíì. Ẹni àkọ́kọ́ ní tẹ́mósítáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tó máa ń ṣí fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) ló fà á, ó yọ ọ́ dànù, ó sì sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ: òyìnbó ló nílò ìyẹn, òtútù ń mú wọn. Ẹnì kejì ní rédíétọ̀ ni, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ ìdérí rẹ̀, ó tún pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Ẹnì kẹta ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n tẹ́ sáàárín tọ́ọ̀pù àti ara ẹ́ńjìnnì kó má bàa jò, ti jó, kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ibẹ̀ ni Bàbá ti gba kọ́kọ́rọ́ wọn padà.

Mi ò fọwọ́ kan MGB rí. Ìdí Pijó 504 ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, mo sì mọ Toyota bí ẹni mowó. Bàbá ní ìwé mọ́tò náà, àmọ́ ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú, orí tó sọ̀rọ̀ nípa omi kù sí ààbọ̀. Nítorí náà mo ní kí ẹnikẹ́ni má tú nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, mo fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tépù funfun àti bíírò ńlá, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ohun tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ, kó kọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe.

Ẹ́ńjìnnì yìí rọrùn láti kà ju ti ìsinsìnyí lọ. Sílíńdà mẹ́rin ni, 1798 cc, irin ni búlọ́ọ̀kù tí àwọn sílíńdà wà nínú rẹ̀, irin náà ni tọ́ọ̀pù tó bò wọ́n lórí. Tí o bá dúró ní ìdí sítíárì tí o kọjú síwájú, kábúrétọ̀ SU méjèèjì àti páìpù èéfín wà lọ́wọ́ òsì. Púlọ́ọ̀gì, dìsíríbútọ̀, fílítà ọ́ìlì àti dáínámò wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ ju nǹkan bíi lítà mẹ́fà lọ. Láti ìdí rédíétọ̀ ló ti ń gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ wọ wọ́tà pọ́ǹpù tó wà níwájú búlọ́ọ̀kù. Pọ́ǹpù á tì í wọ inú búlọ́ọ̀kù, á yí àwọn sílíńdà ká, á gòkè sí tọ́ọ̀pù, á jáde níwájú lábẹ́ ìdérí tẹ́mósítáàtì, á gba họ́ọ̀sì òkè wọ orí rédíétọ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀ka kan tún wà: láti ẹ̀yìn tọ́ọ̀pù, omi gbígbóná ń gba ẹnu táàpù kékeré kan lọ sínú híítà, ó sì ń gba páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan padà wá síwájú láti lọ bá omi ìsàlẹ̀ kó tó wọ pọ́ǹpù. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò àti pọ́ǹpù, orí pọ́ǹpù náà ni wọ́n de fáànù mọ́. Kò sí fáànù oníná, kò sí táǹkì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa gba omi tó bá kún jù. Omi tó bá kọjá ìdérí rédíétọ̀, ilẹ̀ ló ń lọ.

Wọ́n parí, mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni mo fẹ́ sọ.

Níwájú rédíétọ̀, nísàlẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tó dà bí ọmọ rédíétọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà kọ "kọ́ńdẹ́nsà AC" síbẹ̀. Mo bi í pé níbo ni AC náà wà. Ó ronú, ó pa á rẹ́, ó kọ "rédíétọ̀ kejì". Mo ní kó tẹ̀lé họ́ọ̀sì méjèèjì tó jáde lára rẹ̀ kó wo ibi tí wọ́n já sí. Ó tẹ̀ lé e títí, ọ̀kan já sí ara búlọ́ọ̀kù, èkejì já sí orí fílítà ọ́ìlì. Ọ́ìlì kúlà ni! Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀kán omi kan kò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rántí pé ẹnì kejì ti "fọ rédíétọ̀". Mo tú họ́ọ̀sì kan lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ti ìka bọ̀ ọ́, ọ́ìlì dúdú tó mọ́ ló wà níbẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò fọwọ́ kan ìyẹn.

Èkejì ni ohun tí wọ́n kọ "wáyà géèjì" sí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jáde lára tọ́ọ̀pù níwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn bíi wáyà, ẹnì kan sì ti gé e. Wọ́n tún fi tépù dúdú lẹ ojú ibi tí wọ́n gé pọ̀. Kì í ṣe wáyà. Páìpù kọ́pà tín-ínrín ni, ó ní ihò nínú bí abẹ́rẹ́ dókítà, bọ́ọ̀lù kékeré sì wà lórí rẹ̀ nínú omi ẹ́ńjìnnì. Ether, nǹkan olómi kan tó tètè máa ń fò lọ, ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Tí omi bá gbóná, ether á wú, á ti ọwọ́ géèjì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tí wọ́n ti gé e ni ether ti fò lọ, láti ìgbà náà ni ọwọ́ géèjì Bàbá ti sùn sí ẹ̀gbẹ́ "C", tí wọ́n ń wò ó, tí ọkàn wọn ń balẹ̀. Ẹni tó gé e lè ti rò pé rewáyà á so ó pọ̀. Kò sí rewáyà tó lè so ó.

Ẹ̀kẹta ni táàpù híítà lẹ́yìn tọ́ọ̀pù. Wọ́n kọ "mi ò mọ̀" síbẹ̀, mo sì yìn wọ́n fún un. Wọ́n ti fa họ́ọ̀sì rẹ̀ yọ, wọ́n ti bóòtù ńlá kan bọ ẹnu họ́ọ̀sì náà, wọ́n fi kílíìpù há a. Páìpù irin tó yẹ kó gbé omi padà síwájú wà níbẹ̀, àmọ́ kò já síbì kankan. Ẹnu rẹ̀ dá wà nínú afẹ́fẹ́ bí ife tí kò ní ọwọ́. Mo rí i, mo rò pé ẹni tó ṣe é kàn fẹ́ dín wàhálà kù ni. Ta ló fẹ́ híítà ní Kogi? Mo kọjá. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ kí n bi ara mi léèrè pé kí ni páìpù yẹn ń já sí tẹ́lẹ̀.

Wọ́n mọ wọ́tà pọ́ǹpù, wọ́n mọ fáànù. Àwọn ìdérí irin róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan nínú wọn rò pé ibi tí wọ́n ti lẹ búlọ́ọ̀kù tó fọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń rọ irin búlọ́ọ̀kù, ihò wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbà kó yanrìn jáde, ìdérí yẹn ni wọ́n fi dí i. Tó bá ti dípẹtà, ó máa ń jò. Tiwa gbẹ.

Họ́ọ̀sì méjèèjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sí wọn: "họ́ọ̀sì". Ti ìsàlẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Èmi fúnra mi mú bíírò, mo fi kún un lára tépù rẹ̀ pé "tuntun, kò sí wàhálà."

Ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdérí rédíétọ̀, torí ó wà lókè, kò sì ní ná Bàbá lówó púpọ̀. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí ìkòkò lásán. Sípíríìnì wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ rọ́bà mọ́ ìjókòó kan nínú ọrùn rédíétọ̀, kí omi tó ń gbóná má rí ọ̀nà sá. Bí omi ṣe há mọ́ inú bẹ́ẹ̀, kì í tètè hó. Níbi tí kò bá ti sí ohun tó tẹ̀ ẹ́, ní etí òkun, 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi ń hó. Ìdérí pọ́ùn 10 (bí sípíríìnì rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó nìyẹn) á gbé e dé nǹkan bíi 115. Ìdérí tí ẹnì kejì fi sí mọ́tò Bàbá tuntun, "10" wà lórí rẹ̀, ó sì dé ẹnu rédíétọ̀ pinpin. Mo bu ẹfun díẹ̀ sí etí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo dé e, mo ṣí i. Ẹfun náà wà lára rọ́bà bí mo ṣe fi sí i, kò kan ìjókòó rárá. Ọrùn rédíétọ̀ àtijọ́ yìí jìn ju ti mọ́tò tí wọ́n ṣe ìdérí náà fún lọ. Ó dé ẹnu, kò dé ọ̀fun.

Mo dunnú. Mo sọ fún Bàbá lórí fóònù pé a ti rí i. Wọ́n ní, "O ti gbé e lọ sójú ọ̀nà?" Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n pe àwọn tí mo bá gbé e lọ.

Mo wá ìdérí tó jìn kàn lára rédíétọ̀ ògbólógbòó kan, èyí tí ìyá aláàlòkù irin kan ń tà. Mo tún fi ẹfun wò ó. Ó kan ìjókòó. Lọ́jọ́ kan náà, mo ṣí táàpù kékeré tó wà nídìí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn, èyí tó yẹ kí omi máa gbà jáde tí a bá fẹ́ tú u. Mo ṣí i tán, ẹ̀kán kan kò jáde. Mo fi wáyà gún un, ẹrẹ̀ pupa bíi ilẹ̀ ọ̀nà Ìyàrá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, àfi bí àkàmù. Omi kànga àti omi bọ́hóò ni wọ́n ti ń rọ sínú mọ́tò náà láti ọdún gbọ́ọrọ, ìpẹtà irin sì bá a pọ̀, ó kóra jọ sẹ́yìn níbi sílíńdà kẹrin. A fi họ́ọ̀sì omi ta á láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ títí omi fi mọ́. Ó gbà wá ní ọ̀sán kan gbáko. Rédíétọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ kan ṣì dí. Oníṣẹ́ rédíétọ̀ kan ní Lọ́kọ́ja tú ìdí rẹ̀, ó gún wọn, ó fi sódà lẹ̀ ẹ́ padà. Bíràsì àti kọ́pà ni, ó ṣeé tún ṣe, kì í ṣe oníke ìsinsìnyí.

Ìdérí tẹ́mósítáàtì ló yọ wá lẹ́nu jù. Alumínọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, sítọ́ọ̀dù irin mẹ́ta ló dì í mú, omi sì ti ń kan alumínọ́mù àti irin pọ̀ fún àádọ́ta ọdún ó lé. Ẹni tó yọ tẹ́mósítáàtì ti fagbára yí nọ́ọ̀tì, ó kán sítọ́ọ̀dù kan nínú ihò rẹ̀, ó wá fi gọ́ọ̀mù pupa kún gbogbo etí ìdérí náà bí ẹni ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gọ́ọ̀mù náà. A rẹ ẹ́ sí bíréèkì ọ́ìlì àti dísù fún ọjọ́ méjì. Wẹ́dà kan ní òdìkejì títì bá wa jó nọ́ọ̀tì mọ́ kùkùté sítọ́ọ̀dù tó kán, ó jẹ́ kó tutù, ó rọra yí i síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, kò sí ẹni tó mí nínú ọgbà. Ó jáde. A pariwo. Wẹ́dà náà kò gba owó, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù méjì ló gbà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ wẹ́dà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló ní irú sùúrù yẹn.

Kò sí tẹ́mósítáàtì lọ́wọ́, nítorí náà a di ìdérí náà padà bó ṣe wà, láìsí i nínú, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tí a fi pépà gé. A rọ omi, a tan mọ́tò. Ó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò hó. Mo wọ̀ ọ́, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kékeré, ọmọbìnrin Ògìdì kan, a dojú kọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja.

Ó hó.

Ó pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó hó, bíi ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn nìkan ni èrè iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. A jókòó sábẹ́ igi, a dúró kó tutù. Mo ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni ẹnì kẹta sọ, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó máa ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú omi, ìfófò á máa jáde lẹ́nu rédíétọ̀ kódà ní ìdúró. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì náà kò funfun bíi ti èyí tí omi ti wọ̀. Mo tún wo fáànù. Fáànù ni í fa híhó nínú gósílóò. Lórí eré, afẹ́fẹ́ ọ̀nà tó ohun tí rédíétọ̀ nílò. Kí ló wà tó jẹ́ pé eré ló máa ń bà á jẹ́?

Nígbà tó tutù, a rọ omi. Mo ní kí ọmọbìnrin náà dúró síwájú bónẹ́ẹ̀tì tó ṣí, kó máa wo bóyá bẹ́líìtì ń yọ̀, kí n tẹ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìyípo 3,500 ní ìṣẹ́jú kan, mo dì í mú síbẹ̀. Kò wo bẹ́líìtì. Ó kígbe.

"Ọ̀gá! Họ́ọ̀sì yìí ń kú o!"

Mo bọ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti balẹ̀, họ́ọ̀sì wà bó ṣe wà, ó ń dán. Mo ní kó jókòó kó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ fà sínú, ó lẹ̀ pọ̀ bí ikùn ajá tí ebi ń pa. Ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, họ́ọ̀sì náà tún wú padà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, torí mi ò fẹ́ gba ojú mi gbọ́.

Ẹ wo ọmọdé tó ń fa omi inú ọ̀rá. Tó bá rọra fà á, ọ̀rá á dúró. Tó bá fà á gidi, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ra, omi kò sì ní wá mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Họ́ọ̀sì òkè, pọ́ǹpù ń ti omi sínú rẹ̀ ni. Rọ́bà rírọ̀ lè ṣe é. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, pọ́ǹpù ń fa omi lẹ́nu rẹ̀ ni. Ìdí tí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ fi máa ń nípọn jù, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ní wáyà oníyípo nínú, nìyẹn. Ní ìdúró, pọ́ǹpù kò fà púpọ̀. Lórí eré, ó fà, họ́ọ̀sì dí, omi kò lọ mọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń jóná níbi tí èèyàn ti nílò rẹ̀ jù. Nígbà tí ẹni tó wà á bá páàkì, tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, họ́ọ̀sì ti wú padà. Kò sí ẹni tó lè rí i.

Mo tú u. Rọ́bà lásán ni, kò ní wáyà nínú, inú rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ẹran tí wọ́n sè jù. Bàbá wá rántí ìtàn rẹ̀. Èyí tó bá mọ́tò náà wá ti ya níbi ẹ̀ka kékeré tí páìpù híítà ń gbà wọlé. Ẹnì kejì wá irú rẹ̀ títí, kò rí i, ó gé họ́ọ̀sì mọ́tò mìíràn tó fẹ̀ tó o. Ìyẹn kò ní ẹ̀ka, nítorí náà ó ní láti fi bóòtù dí híítà. Páìpù tí mo rí tó dá wà nínú afẹ́fẹ́, họ́ọ̀sì yìí ni ó ń já sí tẹ́lẹ̀. Ká ní mo tẹ̀lé e bí mo ṣe ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ̀lé ti ọ́ìlì kúlà, ọjọ́ àkọ́kọ́ là bá ti mọ̀ pé kì í ṣe họ́ọ̀sì mọ́tò yìí ló wà lára rẹ̀.

Mo tún jókòó ro ti àwọn yòókù. Ìdérí tí kò dé ọ̀fun kò jẹ́ kí inú rédíétọ̀ le. Ìwọ̀nba líle yẹn ì bá ti ran họ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti dúró gbọnyin. Rédíétọ̀ tó dí mú kí pọ́ǹpù fa kíkankíkan kó tó rí omi. Tẹ́mósítáàtì tí wọ́n yọ sì mú kí omi máa sáré jù, bó sì ṣe ń sáré gba inú rédíétọ̀ tó dí kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìfà náà ń le sí i lẹ́nu họ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí a ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin kò ṣòfò tán, òun ló fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Àmọ́ mo fẹ́ sọ ọ́ kedere fún àwa mẹkáníìkì: ká yéé yọ tẹ́mósítáàtì. Àwọn tó ṣe mọ́tò yìí gan-an mọ̀ pé ilẹ̀ olóoru wà. Nínú ojú ìwé tí ikán ṣẹ́ kù, 82 ni wọ́n kọ fún ìlú tiwọn, 74 fún ibi tó gbóná, 88 fún ibi tó tutù. Wọn kò kọ "ẹ yọ ọ́ kúrò" fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Bàbá kan wà ní Ìlú Ọba. Àwọn tó ń ta páàtì MGB ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó rí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó ní ẹ̀ka, tẹ́mósítáàtì 74, àti ìdérí ọlọ́rùn gígùn, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Bàbá kò lè dúró, wọ́n ní ìpàdé ní Ìsánlú. Mo wé wáyà tí kì í dípẹtà mọ́ igi ọwọ̀, mo fà á jáde bíi sípíríìnì, mo tì í bọ inú họ́ọ̀sì rírọ̀ yẹn láti ìkángun dé ìkángun. Mo gé ẹnu wáyà náà, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kó má gún rọ́bà. Wọ́n fi lọ sí Ìsánlú, wọ́n fi bọ̀.

Nígbà tí ẹrù dé, mo kọ́kọ́ dán tẹ́mósítáàtì wò. Mo fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná èédú, mo ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 75. Mo fi sí i, ihò kékeré tó ní pínnì wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Mo di họ́ọ̀sì tuntun, mo yọ bóòtù kúrò lẹ́nu híítà, mo so páìpù irin náà padà sí ẹ̀ka rẹ̀. Ti géèjì, mo ra èyí tó ní páìpù tirẹ̀, mo kọ́ ọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Oníná ì bá rọrùn, àmọ́ mọ́tò yìí, orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe nẹ́gátíìfù bíi ti ìsinsìnyí, bátìrì fóòtì mẹ́fà méjì ló sì wà lẹ́yìn àga. Rewáyà tó wò ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò ṣe. Bàbá kò fẹ́ràn géèjì náà, wọ́n ní ó dà bí aago ilé ìwòsàn. Mo ní kí wọ́n farada á.

A gbé e lọ sójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, Bàbá ló wà á, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé 60. Ọwọ́ géèjì gòkè dé nǹkan bíi 80, ó dúró. Nígbà tí ọ̀nà ń gòkè láàárín àpáta, ó lọ sí 86, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Mo mú tẹ̀mómítà tí wọ́n ń yọ síni bí ìbọn dání. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yọ sí wa níwájú orí ní 2020, ìyẹn kò lè ka ooru ẹ́ńjìnnì. A páàkì, mo yọ ọ́ sí ìdérí tẹ́mósítáàtì: 82. Mo yọ ọ́ sí ìdí rédíétọ̀: 61. Mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Ó le gbọnyin.

Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ padà sí Kábà. Nígbà tí a dé, wọ́n ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a rí, ohun tí a ṣe, àti orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá tún ṣí bónẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn àwọn má bàa gé nǹkan. Òun ni mo kọ yìí. Mo fẹ́ yọ àwọn tépù kúrò kí mọ́tò lè dùn ún wò, wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó wà lára họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí a pààrọ̀. Ọmọbìnrin Ògìdì ló kọ tuntun náà: "Ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà."